Ọmọ zebra finch jábọ́ látinú ìtẹ́, kí ni ká ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn là ń gbé. Bàbá ọmọ mi ra ẹyẹ kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní zebra finch, takọtabo, fún ọmọ wa obìnrin. Wọ́n yé ẹyin márùn-ún, wọ́n sì pa mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí. Láàárọ̀ yìí ni mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà nísàlẹ̀ kéèjì, ara rẹ̀ tutù ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí. Mo ti wé e sínú tíṣù. Aládùúgbò mi ní ìyá rẹ̀ ò ní gbà á mọ́ torí ọwọ́ èèyàn ti kàn án, pé kí n máa fi ògì àti mílíìkì bọ́ ọ. Ṣé òótọ́ ni? Báwo la sì ṣe máa tọ́jú àwọn yòókù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mójú tó èyí tó wà nínú tíṣù, torí ẹ̀mí rẹ̀ ò ní dúró de àlàyé gígùn.

Ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan jẹ. Ooru ló nílò ṣáájú oúnjẹ. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ rọra fi ìkejì bò ó, kẹ́ ẹ máa mí sí i lára díẹ̀díẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹ rọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú ike kékeré, ẹ fi aṣọ wé ike náà, kẹ́ ẹ tẹ́ ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì gbé e sẹ́bàá sítóòfù. Ọmọ yìí ò tó gíráàmù 1 lọ́jọ́ tó jáde nínú ẹyin. Bí ara rẹ̀ ṣe ń tètè tutù náà ló ṣe ń tètè gbóná jù. Kódà bó bá gan mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì jù ú nù, ẹ dì í mú fún bí ìdajì wákàtí. Àwọn tó dà bíi pé wọ́n ti kú máa ń sọjí nígbà míì. Tí awọ rẹ̀ bá ti padà pọ́n, tó sì ń gbórí sókè, ẹ dá a padà sáàárín àwọn tó kù nínú ìtẹ́, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ á gbà á. Òórùn ọwọ́ èèyàn kọ́ ló ń mú kí zebra finch kọ ọmọ. Ọmọ tára rẹ̀ tutù ò lè yanu, ẹyẹ kì í sì í bọ́ ọmọ tí kò yanu. Bẹ́ ẹ bá dá a padà láìtíì móoru, wọ́n lè tún gbé e jù síta.

Ti ògì àti mílíìkì, ẹ jọ̀ọ́, rárá o. Inú ẹyẹ ò lè da mílíìkì. Ihò tó fi ń mí wà nídìí ahọ́n rẹ̀ gan-an, ohun olómi tẹ́ ẹ bá kán sí i lẹ́nu lè gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èèyàn tó bá fẹ́ fọwọ́ bọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí ni yóò máa bọ́ ọ láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní yè é. Àfi tí òbí méjèèjì bá kú. Nígbà yẹn pàápàá, ó sàn kẹ́ ẹ wá ẹni tí finch rẹ̀ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n bá yín gbà wọ́n tọ́, tàbí kẹ́ ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Kí ló gbé e dé ìsàlẹ̀? Ẹsẹ̀ òbí lè wọ́ ọ jáde nígbà tó fò kúrò nínú ìtẹ́ lójijì. Ẹ bá mi bẹ ọmọ wa obìnrin kó má máa yọjú wò wọ́n lemọ́lemọ́. Àmọ́ tí ọmọ bá tún já bọ́ lọ́la, oúnjẹ ni mo máa fura sí, torí òbí tí oúnjẹ rẹ̀ ò tó ọmọ á dín ọmọ kù.

Jéró gbígbẹ nìkan ò lè tọ́ ọmọ. Ẹ se ẹyin adìẹ fún bí ìṣẹ́jú 12 kó le dáadáa, ẹ lọ èèpo rẹ̀ kúnná, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ fún wọn ní ṣíbí tíì kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì kó èyí tó bá kù kúrò lẹ́yìn wákàtí méjì, torí ooru wa yìí kì í jẹ́ kó pẹ́ bà jẹ́. Jéró tẹ́ ẹ rà ní Bódìjà, ẹ rẹ díẹ̀ sómi mọ́jú, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ máa ṣàn án títí gbòǹgbò funfun á fi yọ ṣóńṣó. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ewé tẹ̀tẹ̀ tútù náà dára, tí wọn ò bá ti fín in lóògùn. Píà ò gbọdọ̀ débẹ̀, ó ń pa ẹyẹ. Iyọ̀ náà, rárá.

Ẹ lè fojú ara yín rí i bóyá àwọn ọmọ ń yó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọrùn wọn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó rí hóró jéró tó kóra jọ sínú àpò ọ̀fun, bí ìgbà téèyàn ń wo ẹ̀pà nínú ọ̀rá. Kó tó di pé ẹ pa iná lálẹ́, àpò yẹn gbọ́dọ̀ kún. Ní ìdájí, kò burú tó bá ṣófo, àmọ́ tó bá ṣì ṣófo ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́, ẹ yẹ ìyá àti bàbá wò, nǹkan lè máa ṣe wọ́n. Tí wọ́n bá yanu, ẹ ó rí àmì dúdú tótòtó nínú ẹnu wọn. Kì í ṣe àrùn, bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó láti wò wọ́n, nígbà tí òbí bá jáde wá jẹun. Ẹyin karùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ọsirélíà ni ẹyẹ yìí ti ṣẹ̀ wá, ooru Ìbàdàn ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Atẹ́gùn fáànù àti AC tó ń fẹ́ sí ìtẹ́ tààrà ni kẹ́ ẹ yẹra fún. Èèrà ló tún ń bà mí lẹ́rù jù, torí wọ́n lè pa odindi ọmọ inú ìtẹ́ lóru ọjọ́ kan. Bí kéèjì yín bá lẹ́sẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi tẹ́ ẹ kán òróró sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi kọ́ ni, ẹ fi gíríìsì pa ìkọ́ rẹ̀. Ẹ má fín oògùn kòkòrò nínú yàrá yẹn, ẹ má tanná oògùn ẹ̀fọn níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ wọlé. Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tó bá gbóná jù lórí iná, èéfín rẹ̀ ń pa ẹyẹ kíákíá, nítorí náà kí kéèjì má sún mọ́ kíṣìnnì.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ojú wọn á là. Láti bí ọjọ́ 15, ẹ má tọwọ́ bọ ìtẹ́ mọ́, ìbẹ̀rù lè mú kí wọ́n bẹ́ jáde láìtíì lè fò. Láàárín ọjọ́ 18 sí 22 ni wọ́n á fúnra wọn jáde. Kí abọ́ omi wọn má jìn, kí wọ́n má bàa rì sí i. Bàbá á ṣì máa bọ́ wọn, wọ́n á sì máa padà wá sùn nínú ìtẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ yọ ìtẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìyá á tún yé, ara rẹ̀ ò sì tíì bọ̀ sípò. Tẹ́ ẹ bá rí òbí tó ń já ìyẹ́ ọmọ, ẹ fi wáyà pín kéèjì sí méjì, bàbá á máa bọ́ wọn láti ojú ihò rẹ̀.

Ẹ má kó wọn kúrò lọ́dọ̀ òbí kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ sì kọ́kọ́ rí i dájú pé kálukú wọn ń pa jéró jẹ fúnra rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ akọ á ti máa pọ́n bí ọsàn. Ẹ ya akọ sọ́tọ̀, ẹ ya abo sọ́tọ̀, torí ọmọ ìyá kan náà máa ń gun ara wọn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta.