Èsì: Mo fẹ́ tún Maths àti English kọ, mo sì ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù

Àbúrò, o ní D7 lo gbà nínú Maths àti English, tí ò tó credit, pé àárọ̀ ṣúlẹ̀ lo fi ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù, báwo lo ṣe máa ráyè kàwé. Má jẹ́ kọ́kàn ẹ pòrúurùu o. Ti WAEC tí ò pọn dandan kéèyàn wà nílé ìwé kó tó ṣe é, January sí February ni ti àkọ́kọ́, èkejì á tún wá tọ́dún bá ti rìn jìnnà, èkejì yìí ni màá mú tó bá jẹ́ èmi, torí á fún ẹ láyè. Wo orúkọ orí NIN ẹ dáadáa kó o tó lọ forúkọ sílẹ̀, kí méjèèjì lè bára mu.

Má fi Maths sálẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́. Jí láago márùn-ún, wákàtí kan péré, past question àti bírò, má kàn máa fojú kà á. Bó o bá ń ṣe simultaneous equation, kọ gbogbo wọ́kín ẹ sílẹ̀ pátá, torí wọ́n máa ń fún èèyàn ní máàkì lórí wọ́kín kódà tí ánsà ìkẹyìn ò bá tọ̀nà. Ọ̀sán Sunday, kọ létà tàbí ẹ́séè kan, kó o wá ẹni tó gbọ́ English dáadáa kó bá ẹ máàkì ẹ̀.

Jọ̀ọ́, tètè sọ fún ọ̀gá ẹ nípa ọjọ́ ìdánwò, kó o sì béèrè bóyá yunifásítì tó o fẹ́ ń gba èsì ìdánwò méjì pa pọ̀, àwọn kan kì í gbà á fún Medicine.