Àwọ̀n tí CT kò rí

Ọmọ mi, mo ka ohun tí o kọ nípa màmá rẹ: pé òkè òkun ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn nítorí ilé ọmọ tó ń yọ, pé wọ́n fi àwọ̀n tí wọ́n ń rán mọ́ inú ara gbé e ró, pé ní báyìí tí wọ́n ti padà sí Òṣogbo, ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ní kò sí nǹkan kan. O wá ń béèrè bóyá wọ́n kàn ń ronú jù ni. Rárá o. Ọ̀nà yẹn ni mo gbà, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi rìn ín.

London ni mo wà ní 2010 tí wọ́n ṣe tèmi. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ń ṣe, gbígbé sókè gbígbé sílẹ̀. Nígbà tó yá, bí mo bá dúró pẹ́, nǹkan á yọ sí ojú ara mi bí ẹyin adìyẹ. Àpò ìtọ̀ ló ń já bọ̀. Wọ́n gba ojú ara fi àwọ̀n sí i, ara sì tù mí. Mo padà sílé ní 2016, mo ṣí ìsọ̀ sí ọjà Ìgbóná ní Òṣogbo. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni itan ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí wọ abẹ́nú, omi tó ń rùn ń jáde, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìsọ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Mo mu àgbo títí ó fi sú mi.

Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, n kò ní dárúkọ wọn, ṣe síkáànù orí ikùn. Wọ́n ní ó dáa. Mo lọ ṣe CT. Ó tún dáa. Nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ bi mí bóyá baálé mi ń dà mí láàmú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé àwọ̀n yẹn kì í ṣe irin. Polypropylene ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì. Ẹ́ksíréè kì í rí i. CT pàápàá, ó ṣòro kó tó dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹran ara tó yí i ká. Ó lè rí ibi tí ọyún kóra jọ sí, ìyẹn wúlò, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní “a kò rí nǹkan kan”, kò túmọ̀ sí pé àwọ̀n wà ní ipò rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi rán mi lọ ṣe CT náà tún wà ńbẹ̀. “Ìrora ìsàlẹ̀ ikùn” nìkan ni wọ́n kọ. Ẹni tó ka àwòrán kò mọ̀ pé àwọ̀n wà nínú mi, kí ni kó máa wá? Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: ojú ń tì mí, mo kàn ní “wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi rí” ni.

Kí n má purọ́, baálé mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ní nǹkan kan ń ha òun bí okùn ìpẹja. Mo bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo wá rí dókítà obìnrin kan tó mọ̀ nípa ojú ara, ó fi ìka yẹ̀ mí wò, ó sì ba etí àwọ̀n náà níbi tó ti gún ara jáde. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Kí màmá rẹ ṣe èyí ná kí ẹ tó tún náwó lórí fọ́tò.

Òun ló kọ lẹ́tà fún mi lọ sí Ìbàdàn. Apá kan ìdí ni mo fi jókòó nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo nítorí ìrora. A dé Ìkirè, n kò tilẹ̀ wo ẹlẹ́dòdò lójú. Síkáànù náà ni wọ́n ṣe, àmọ́ kì í ṣe ti orí ikùn. Wọ́n fi ọ̀rá bo ẹnu ẹ̀rọ náà, wọ́n gbé e ti ẹnu ojú ara láti ìta. Wọ́n ní kí n wúkọ́, kí n sì fi agbára tì sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Àwọ̀n náà hàn funfun lójú ẹ̀rọ. Dókítà fi ibi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ sí hàn mí. Ó ti ká bí ẹní.

Bí ó bá jẹ́ pé ikùn ni wọ́n gbà fi ti màmá rẹ sí, tí wọ́n so ó mọ́ egungun ìdí lẹ́yìn, síkáànù ẹnu ojú ara kò ní dé ọ̀hún. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ló dára níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fura sí ọyún lẹ́bàá egungun. Kì í ṣe idán náà o: ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọ̀n máa ń jẹ́ nínú MRI, ojú àpá sì jọ ọ́. Kí wọ́n má bẹ̀rù pé mágínẹ́ẹ̀tì á fà á. Bí irin kan bá wà lára, bíi ẹ̀rọ ọkàn, kí wọ́n sọ ọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wo inú àpò ìtọ̀.

Ẹ wá ìwé iṣẹ́ abẹ náà rí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ló kọ̀wé béèrè tèmi, ó sì rí i gbà: irú àwọ̀n, apá mélòó ló ní, ibi tí wọ́n kàn án mọ́. Àwọ̀n tí wọ́n fi ń dá ìtọ̀ tó ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró kì í wà níbi kan náà pẹ̀lú ti ilé ọmọ. Ní England wọ́n dá fífi àwọ̀n gba ojú ara dúró ní oṣù Keje 2018. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn, ní kí àwọn tó ń ṣe èyí tí wọ́n ń gba ojú ara fi sí nítorí ilé ọmọ yíyọ dẹ́kun títà á ní oṣù Kẹrin 2019. Dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè má fojú kàn án rí, nítorí náà ẹ gbé ìwé náà dání.

Wọ́n gé ibi tó yọ síta kúrò fún mi. Ẹ̀jẹ̀ dá, omi dá. Itan ṣì máa ń dùn mí bí mo bá pẹ́ lórí àpótí, n kò ní tàn ọ́.

Lórí fọ́ọ̀mù tó kàn, ní kí dókítà kọ “àwọ̀n polypropylene wà nínú ara”, ọdún tí wọ́n fi sí i, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà fi sí i. Bí ibà bá sì bá ìrora ẹ̀yìn dé, ẹ má dúró de ọjọ́ síkáànù kankan, ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.