Ẹ Bi Wá: Ṣé wáìnì yìí ò tíì bàjẹ́ báyìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé London mú wáìnì pupa kan wálé, Chateau Musar lorúkọ ẹ̀, Lébánónì ni wọ́n kọ sí i lára. Àṣé àwọn ará Lébánónì náà ń pọn ọtí? Òwò nìkan la mọ̀ wọ́n mọ́ níbí. Ọdún tó wà lára ẹ̀ ti pẹ́ gan-an, nǹkan dúdú kan tún wà nísàlẹ̀ ìgò. Ṣé kí n dà á nù ni?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Háà, Ìyá Ìbejì, ẹ má dán an wò! Ọdún tẹ́ ẹ rí yẹn, ọdún tí wọ́n ká àjàrà ẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀sìpáyà. Àwọn yẹn kì í tètè tà á, á kọ́kọ́ ho di ọtí nínú táǹkì kọnkéré, á wọnú àgbá onígi fún bí ọdún kan, wọ́n á wá rọ ọ́ sígò wọ́n á tún fi pamọ́, ó di bí ọdún keje kó tó dé ọjà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lásán lohun dúdú yẹn. Ẹ gbé ìgò náà dúró di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ wá rọra máa dà á.

Gaston Hochar ló dá ilé iṣẹ́ Musar sílẹ̀ ní 1930, ọmọ ogún ọdún péré ni nígbà yẹn, ní Ghazir, lápá àríwá Beirut, olú ìlú Lébánónì. Ṣùgbọ́n ọgbà àjàrà ò sí níbẹ̀ o, àfonífojì Bekaa ló wà, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ ní 1975, tó jà títí di 1990, ọwọ́ Serge ọmọ Gaston niṣẹ́ wà, lọ́rì tó kó àjàrà gbọ́dọ̀ gba àárín àwọn tó ń yìnbọn lura wọn kọjá. 1976, wọn ò rí wáìnì kankan ṣe. 1984, ọ̀nà dí débi pé àjàrà ti ń ho nínú ọkọ̀ kó tó délé! Ta ló sì fẹ́ ra wáìnì nílùú tí bọ́ǹbù ń bú? Serge gbé tiẹ̀ lọ síbi ìpàtẹ wáìnì ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1979, ibẹ̀ làwọn òyìnbó ti gba tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n yín fi lè rí i rà ní London.

Ìbéèrè: Ṣé funfun ẹ̀ náà wà?

Ìdáhùn: Ó wà. Obaideh àti Merwah ni wọ́n fi ń ṣe é, àjàrà ìbílẹ̀ Lébánónì ni méjèèjì. Ẹ má kàn tì í sí fíríìsà o, tó bá tutù jù, òórùn ẹ̀ ò ní jáde.