Kí ló dé tí ìlà ọ́síjìn kò fi yọ nínú àwòṣe mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mò ń fi Cloudy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ gáàsì, ṣe àwòṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde láti inú ìkùukùu gáàsì àárín gálásì NGC 5548. Ìkùukùu kan ṣoṣo ni mo lò, mo kọ hden 10 (hden ni àṣẹ tó ń sọ bí gáàsì ṣe ki tó). Ìlà háídírójìn Hβ (ìlà ni àwọ̀ kan pàtó tí átọ́ọ̀mù ń tàn) jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà ọ́síjìn 5007 (nọ́ńbà náà ni gígùn ìgbì rẹ̀ ní angstrom), tó yọ gedegbe nínú ìmọ́lẹ̀ gálásì náà gan-an, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Mo tiẹ̀ fi kún iye ọ́síjìn, pàbó ló já sí. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Àwòṣe yín kò ṣìnà, ohun tí ẹ bi í ló dáhùn. Kì í ṣe ọ́síjìn ló kéré. Gáàsì yín ló ki jù.

Lọ́gáríìmù ni 10 tí ẹ kọ yẹn, ìyẹn 1 tí òdo mẹ́wàá tẹ̀lé: átọ́ọ̀mù háídírójìn bílíọ̀nù 10 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Ọ́síjìn tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló ń tan 5007. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń fò kiri á kọlù ú, á sì fún un ní agbára. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn yìí kì í kánjú: ó ń di agbára náà mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 37 kí ó tó tú u sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀. Ti háídírójìn kì í tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bí ẹni tí wọ́n yá lówó láàárọ̀, tó ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó ná an. Níbi tí èrò ti ń ti ara wọn, wọn á ti gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti ju nǹkan bí 700,000 lọ nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, gbígbà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn ń gba agbára náà padà ti borí títàn. Tiyín ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 10,000.

Ẹ tún wo ìlà méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ gálásì náà. Ìsàlẹ̀ ìlà Hβ fẹ̀ gan-an, torí gáàsì rẹ̀ ń sáré ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 5007 tínrín. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Nítorí náà, àwòṣe méjì ni kí ẹ ṣe, hden 10 àti hden 5, kí ẹ tan ìmọ́lẹ̀ kan náà sí méjèèjì. Kí ẹ wá ro wọ́n pọ̀, kí ẹ fún ìkọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n apá ojú ọ̀run tó bò mọ́ àárín lójú.

Ìṣirò kan wà níbí tí inú mi máa ń dùn sí. Bí ionization parameter (bí ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó sí kíki gáàsì) méjèèjì bá dọ́gba, tí kíki gáàsì dín ní ìlọ́po 100,000, ìkùukùu kejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 316, torí níbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ á dín ní ìlọ́po 316 lọ́nà 316, tó jẹ́ nǹkan bí 100,000. Ní NGC 5548, bí ìmọ́lẹ̀ àárín bá yí padà, Hβ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ó ń ju 20 lọ. Ẹ jẹ́ ká mú 10, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ń rin ọjọ́ 10 kó tó dé gáàsì Hβ. Ìlọ́po 316 rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ìmọ́lẹ̀ 3,160, kò pé ọdún ìmọ́lẹ̀ 9. Ní 2013, àwọn tó wo bí 5007 gálásì yìí ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún gbé e jáde pé gáàsì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 3 sí 10, pé kíki rẹ̀ sì tó bí 100,000 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, bíi ti hden 5. Ibi tí ìṣirò wa gbé wa dé náà nìyẹn!

Kí ẹ tó fi àwòṣe wé ohun tí ẹ wọ̀n, ẹ fi agbára ìmọ́lẹ̀ 4959, ìlà kejì tí ọ́síjìn kan náà ń tàn, pín ti 5007. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 3. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, apá Hβ tó fẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti wọ inú ìwọ̀n yín. Ẹ sì dá iye ọ́síjìn padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.