Wáìnì Tí Mo Rà Gbẹ Mí Lẹ́nu: Ṣé Ó Ti Bàjẹ́ Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń tẹ́tí sí pọ́díkáàsì kan tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì fi ń ṣàlàyé wáìnì fún irú àwa tí a kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nínú rẹ̀. Mo gbádùn wọn débi pé mo lọ ra ìgò wáìnì pupa Cabernet Sauvignon kan tí wọ́n kọ "dry" sí lára. Àfi bí ẹnu mi ṣe gbẹ táútáú nígbà tí mo mu ún, bíi ti ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n tún máa ń ní àwọn gbọ́ òórùn èso ṣẹ́rì àti òórùn awọ nínú ife. Ní tèmi, ọtí nìkan ni imú mi gbọ́. Ṣé imú mi ni kò dáa ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí yóò bá mi lẹ́nu mu kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Wáìnì yín kò bàjẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe imú yín. Ohun méjì ló dàpọ̀ mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ "dry" yẹn ló sì dà wọ́n pọ̀.

Nínú wáìnì, "dry" kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kí ẹnu gbẹ. Ọ̀rọ̀ ṣúgà ni. Bí wọ́n bá ti fún èso àjàrà, ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà tó wà nínú omi rẹ̀, á sì máa sọ ọ́ di ọtí. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, tàbí tó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wáìnì náà kò dùn mọ́, òun ni wọ́n ń pè ní "dry". Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣúgà tó bá kù kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 4 lọ nínú lítà kan kí wọ́n tó lè kọ ọ́ sára ìgò. Bí wáìnì náà bá kan dáadáa, wọ́n lè gbà á dé gíráàmù 9. Ìdí nìyí tí wáìnì funfun kan fi lè jẹ́ "dry" kí itọ́ sì máa ṣàn lẹ́nu yín nígbà tí ẹ bá ń mu ún.

Èyí tó gbẹ yín lẹ́nu ní orúkọ tirẹ̀: tannin. Inú èèpo àjàrà àti kóró rẹ̀ ló ń gbé. Àgbá onígi tí wọ́n bá fi wáìnì pa mọ́ sí náà máa ń fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá la ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àjàrà dúdú, omi inú rẹ̀ kò pupa rárá. Ara èèpo ni àwọ̀ ti ń wá, nítorí náà ẹni tó ń ṣe wáìnì pupa á fi èèpo sílẹ̀ sínú omi náà fún ọjọ́ mélòó kan, bí àwọ̀ sì ṣe ń jáde ni tannin ń bá a jáde. Tó bá dé ẹnu, ó máa ń so mọ́ àwọn èròjà tó ń mú kí itọ́ yọ̀, ahọ́n àti èrìgì á wá máa ha ara wọn. Àjàrà Cabernet Sauvignon kéré, èèpo rẹ̀ sì nípọn, torí náà tannin rẹ̀ pọ̀. Èmi kì í fi í ṣáájú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ó gbajúmọ̀ tó.

Èmi náà ń ṣe pọ́díkáàsì kékeré kan lórí wáìnì, láìsí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí mo ti fi ń bu wáìnì fún oníbàárà nílé oúnjẹ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ níbẹ̀, èyí tó mú kí àwọn olùgbọ́ kọ̀wé sí mi jù ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nílé ìdáná yìí, wáìnì kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹ fi àpò tíì méjì sínú ife omi gbígbóná kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fi mílíìkì sí i, ẹ má fi ṣúgà sí i. Tó bá ti tutù, ẹ mu ẹnu kan, kí ẹ yí i ká inú ẹnu, kí ẹ gbé e mì. Ibi tó ti ń fa ahọ́n yẹn, tó ń mú ẹ̀yìn eyín le koránkorán, tannin nìyẹn, nítorí tíì náà ní i. Ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife omi mìíràn kí ẹ tọ́ ọ wò. Itọ́ á sun lábẹ́ ahọ́n kíá. Kíkan nìyẹn, òdìkejì ohun tí tíì ṣe ni. Ẹ po ṣúgà mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan náà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tọ́ ọ wò. Ẹ ó rí i pé kíkan rẹ̀ kò lọ, ẹ̀yìn ṣúgà ló sá sí. Báyìí gan-an ni wáìnì Riesling tó dùn ti Jámánì ṣe ń tan ènìyàn: ẹ ó ní ó dùn, ẹ kò ní mọ̀ pé kíkan tó wà nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sú yín.

Bí ẹ bá fi ooru tí ọtí ń dá sí ọ̀nà ọ̀fun kún mẹ́ta yìí, ẹ ti ní ohun mẹ́rin tí mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ife èyíkéyìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó dín ní ìmọ̀. Ẹni tó lè sọ pé "eléyìí kan, kò dùn, kò fa ahọ́n, ọtí rẹ̀ kò gbóná" ti sọ ohun tí olùtajà lè fi bá a wá ìgò.

Ní ti ṣẹ́rì àti awọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu gbé ìwádìí kan jáde láti Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n fi àró pupa tí kò ní òórùn pa wáìnì funfun láró, wọ́n sì gbé e fún àwọn 54 tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe wáìnì pupa ni wọ́n fi júwe rẹ̀. Wọn kì í ṣe òpè. Ojú ló ti sọ fún imú ohun tí yóò gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi ṣẹ́rì yẹn, ìrántí ló ń bí wọn. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ṣẹ́rì rí kò lè rántí rẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ̀yin mọ̀ júwe tiyín, ì báà jẹ́ aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tàbí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Àmọ́ pé ọtí nìkan ni ẹ gbọ́, ó ṣeé ṣe kí ìgò náà ti gbóná jù. Ìwọ̀n 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ wáìnì pupa. Bí ó bá ti gbóná ju èyí lọ, òórùn ọtí ló máa ń ṣíwájú. Ẹ gbé e sí fìríìjì fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣí i, àmọ́ kó má tutù jọ̀bọ̀ bíi ti wáìnì funfun, nítorí tútù a máa mú kí tannin le sí i. Ẹ má sì bu ife kún ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí òórùn lè ríbi gbára jọ sí.

Nílé ìtajà, iye ọtí tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ wáìnì "dry" máa ń wà láàárín 12% sí 14.5%. Bí ó bá kéré sí 10%, ìwúkàrà kò jẹ ṣúgà tán lọ́pọ̀ ìgbà nìyẹn. Bí wáìnì Moscato d'Asti ti Ítálì ṣe rí nìyẹn: ó máa ń wà ní nǹkan bí 5%, ó sì dùn. Wáìnì Port ti ilẹ̀ Pọ́túgà ló yàtọ̀: ó tó nǹkan bí 20%, síbẹ̀ ó dùn, torí wọ́n da ọtí líle sí i láti dá ìwúkàrà dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Orúkọ ìlú ni ọ̀pọ̀ ìgò láti Yúróòpù ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ àjàrà. Chardonnay ló wà nínú Chablis, Sauvignon Blanc ló wà nínú Sancerre funfun. Nebbiolo ló wà nínú Barolo, ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó fúyẹ́ tàn yín, tannin rẹ̀ le gan-an. Ìgò pupa tí mo fẹ́ kí ẹ rà tẹ̀ lé èyí ni Beaujolais, tí wọ́n fi àjàrà Gamay ṣe: ó kan díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ fa ahọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ wáìnì tó ń hó, ẹ rántí pé èyí tí wọ́n kọ "Extra Dry" sí lára dùn ju èyí tí wọ́n kọ "Brut" sí lọ: gíráàmù 12 sí 17 ni ṣúgà rẹ̀ nínú lítà kan, ti Brut kò tó 12. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, inú mi kì í sì í dùn sí i.

Wáìnì tó bàjẹ́ lóòótọ́, imú ló máa ń sọ ọ́. Bí kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ìgò bá ti bà á jẹ́, á máa rùn bíi páálí tó rẹ sínú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ jù, á máa rùn bíi ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀kan nínú méjèèjì yìí, ẹ dá ìgò náà padà.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sí fìríìjì, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ gbé e jáde ní bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó jẹun, kí ẹ wá ẹran tó lọ́ràá tó sì ní iyọ̀ dáadáa. Ẹ mu ẹnu kan ṣáájú ẹran, kí ẹ jẹ ẹran, kí ẹ tún mu ẹnu kan. Ẹ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ èyí, a máa ń tu ú dà sínú abọ́ lẹ́yìn tí a bá tọ́ ọ wò tán. Ẹ kọ ohun tó yí padà ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n yín sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé yẹn dání tí ẹ bá ń lọ ra Beaujolais.