Kí ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ní physical science?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ti wọ kíláàsì kẹjọ níbí ní Amẹ́ríkà, physical science ni wọ́n sì ń kọ́ ọ lọ́dún yìí. Mo tú báàgì rẹ̀, n kò rí nóòtì tó kún bí tiwa ṣe máa ń kún. Mo ní kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí, ó ní àwọn ju bọ́ọ̀lù kéékèèké méjì sómi, ọ̀kan rì, ọ̀kan léfòó. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ̀kọ́ gidi ni o. Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí ba èmi náà nígbà tí àkọ́bí mi dé kíláàsì yẹn.

Ohun tí a fi ṣẹ̀dá gbogbo nǹkan, ipá àti ìrìn, agbára, àti ìgbì bíi ti ìró àti ìmọ́lẹ̀, òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rírì àti líléfòó ló kọ́kọ́ dà á rú fún ọmọ mi. A máa ń sọ nílé pé irin wúwo ju igi lọ. Àmọ́ ìtì igi wúwo ju ìṣó lọ fíìfíì, síbẹ̀ ìṣó ló ń rì. Ohun tí olùkọ́ ń wá ni pé kí ọmọ fi ìwúwo wé àyè tí nǹkan náà gbà. Omi tó gba kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan wúwo tó gíráàmù 1. Yìnyín tó gba àyè kan náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 0.92 lọ, ìdí tó fi ń léfòó nìyẹn. Ti irin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.9.

Èdè wa náà lè da ipá àti agbára pọ̀ mọ́ra wọn fún un, torí a máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ní kíláàsì, títì tàbí fífà ni ipá. Agbára ni ohun tí nǹkan ní tó fi lè ṣiṣẹ́. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára ìrìn rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Látọjọ́ tí ọmọ mi ti mọ èyí ló ti ń bẹ̀ mí kí n rọra wakọ̀.

Ti ìgbì kò le. Bó bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín mànàmáná àti àrá, ibi tó ti kọ jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà kan.

Ní ti nóòtì, ẹ̀rí ni wọ́n ń fún ní máàkì jù. Ọmọ mi kọ ìdáhùn tó tọ̀nà nígbà kan, máàkì rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ nítorí kò kọ ohun tó rí tó fi gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ní kó ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín lórí. Ẹ bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ẹ jẹ́ kó fi Yorùbá dáhùn; ọ̀rọ̀ tí kò bá mọ̀, kó júwe rẹ̀. Ẹ bu omi sí bésìnì lálẹ́ òní, kó wá ju bọ́ọ̀lù méjèèjì síbẹ̀ níwájú yín.