Kí Ló Dé Tó Fi Jẹ́ Ẹni Tí Olóde Ti Bá Jà Rí Ló Ń Tọ́jú Aláìsàn?

Ẹ bèèrè ìdí tí àwọn àgbà láyé ọjọ́un fi máa ń yan ẹni tí Ṣọ̀pọ̀ná, tí wọ́n tún ń pè ní Olóde, ti bá jà rí láti tọ́jú ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ìdáhùn tí àwọn kan kọ́kọ́ fún yín bí mi nínú: pé ìbẹ̀rù òrìṣà lásán ni, pé àwọn àwòrò fẹ́ kó ẹrù òkú. Wọ́n ń kó ẹrù òkú lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣé ìyẹn lẹ bèèrè?

Àpá ilẹ̀ẹ́gbóná kún ojú ìyá ìyá mi. Bí àìsàn náà bá wọ agboolé kan, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á bu ẹ̀kọ fún aláìsàn, á fọ aṣọ rẹ̀, kò sì ní ṣe é mọ́. Wọ́n á ní Olóde ti mọ ojú rẹ̀. Ìmọ̀ gidi nìyẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ ti fojú rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun kan tó wà nídìí rẹ̀ rèé: lára àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wa ni sẹ́ẹ̀lì T. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ thymus, lẹ́yìn egungun àyà, ni wọ́n ti ń gbó. Bí fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tíntín tó ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀, bá wọlé, àwọn díẹ̀ tó dá a mọ̀ á máa pín, wọ́n á bí sí i lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì máa pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì fi ṣelé. Bí fáírọ́ọ̀sì náà bá lọ tán, nǹkan bí 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì T yẹn á kú. Ìyókù ló ń rántí.

Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Ní 1977, ní Sòmálíà, ni ṣọ̀pọ̀ná mú ẹni ìkẹyìn tó kó o láwùjọ. Ní 1980 ni wọ́n kéde fún gbogbo ayé pé ó ti tán nílẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì T tó ṣì ń rántí rẹ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láti bí ọdún 75 sẹ́yìn. Òwe náà ṣẹ sí wọn lára.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ń fi àṣà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló ń lò ó níbi tí kò yẹ. Àrùn mẹ́dọ̀wú B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B, mú wọn, ara wọn balẹ̀, wọ́n ní "mo ti ṣe é rí, ó ti tán." Ta ló sọ fún yín? Ṣọ̀pọ̀ná kì í dúró síni lára. Mẹ́dọ̀wú B lè fi ẹ̀dọ̀ ṣelé títí ayé. Bí sẹ́ẹ̀lì T bá ń rí ọ̀tá kan náà lójoojúmọ́, fún ọdún gbọọrọ, ó máa ń rẹ̀ ẹ́: kò ní lè pín dáadáa, àwọn kẹ́míkà tó fi ń jà á máa dín lọ́kọ̀ọ̀kan. PD-1, ìdènà tó wà lára rẹ̀, á gbilẹ̀, á máa dá a dúró. Onímọ̀ Tasuku Honjo àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Japan ló rí PD-1 ní 1992. Ní 2006, àwọn onímọ̀ dí ọ̀nà rẹ̀ lára eku tí fáírọ́ọ̀sì ti ń bá gbé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti rẹ̀ sì tún jí síṣẹ́.

Ọjọ́ orí ló ń pinnu púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́dọ̀wú B. Àgbàlagbà tó kó o máa ń lé e lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ jòjòló tó kó o lára ìyá rẹ̀ lásìkò ìbí ńkọ́? Nínú irú wọn ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 90 ni kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀rọ̀. Àrùn yìí kò sì ní fi àpá kankan sí ojú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi í hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ kó tó pé wákàtí 24 láyé.